Kíríkẹ́ẹ̀tì ní Rwanda: apá ìlera ló yẹ kí ẹ múra fún jù

Sí Olóòtú,

Láti ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò ju ọmọ ọdún 19 lọ ti na New Zealand nínú ìdíje àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì ní Malaysia, lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ni àwọn ọ̀dọ́ wa kan nílùú ọba ti ń bi wá bí èèyàn ṣe lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní eré náà nílẹ̀ Áfíríkà. Rwanda lẹnu wọn máa ń wà, kò sì yani lẹ́nu. Wọ́n ti ní pápá Gahanga ní Kigali láti ọdún 2017, àwọn ọmọbìnrin wọn sì na Zimbabwe àti West Indies nínú irú ìdíje kan náà lọ́dún 2023. Àjọ aláàánú Cricket Without Boundaries, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú ọba lọ́dún 2005, wà lára àwọn tó ti ń rán akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń fi eré ṣàlàyé kòkòrò HIV fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Iṣẹ́ méjì ni o, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ń múra fún.

Ti bọ́ọ̀lù kò le. Fún ọmọ 40, bátì oníke 8 (igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù), bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì 20 àti wíkẹ́ẹ̀tì oníke 4 (igi mẹ́ta tí wọ́n nà ró, tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ń fẹ́ wó) ti tó. Bí wíkẹ́ẹ̀tì kò bá tó, kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà á ṣe é. Ẹ fi bọ́ọ̀lù aláwọ sílé, torí bó bá ta lára òkúta lórí ilẹ̀ pupa yẹn, eyín ọmọ ló máa bá. Ẹ pín wọn ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, nítorí ọmọ 40 tó tò sẹ́yìn bátì kan kò ní gbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí agogo tó lù. Àgbà ń fi nǹkan bíi mítà 20 sáàárín wíkẹ́ẹ̀tì méjì. Mítà 14 tó fún ọmọdé. Ẹni tí kò bá tíì kàn kó jìnnà sẹ́yìn ẹni tó ń gbá, ó kéré tán mítà 5, torí ọmọ tó di bátì mú kì í wẹ̀yìn.

Ohun tó máa ń wọ́ jù ni jíju bọ́ọ̀lù. Ọmọ á sọ ọ́ bí ẹni sọ òkò, pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ kíká. Kó kọ́kọ́ dúró lójú kan, kó na apá gbọọrọ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, kí apá gba ẹ̀yìn yí lọ sókè kó kọjá lẹ́bàá etí, kó tó tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lókè orí. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ṣì ń ká, ẹ má tíì jẹ́ kó sáré bọ̀.

Ìlera gan-an ni ibi tí wàhálà wà. Eré kan wà tí ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá fẹ́ràn: igi wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta dúró fún ìkóra-ẹni-níjàánu, jíjẹ́ olóòótọ́ sí ẹnì kan, àti kọ́ńdọ̀ọ̀mù, bọ́ọ̀lù ni kòkòrò, bátì ni ààbò. Ó rọrùn láti rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wó igi, àwọn ọmọ á pariwo pé, "Ó ti kó o!" Nínú kíláàsì yẹn kan náà, ọmọ kan lè wà tí wọ́n bí kòkòrò mọ́, tó ń lo oògùn lójoojúmọ́, tí ojúgbà rẹ̀ kankan kò mọ̀. Ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Eré yín ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ẹni tó ní in ni kò ṣọ́ igi rẹ̀.

Ẹ sọ bọ́ọ̀lù di àhesọ dípò kòkòrò. Ẹni tó ń jù ú á pariwo ọ̀rọ̀ kan: "Ẹ̀fọn ń kó HIV ranni!" tàbí "Bátì tí a jọ dì mú ń kó o ranni!" Ẹni tó ń gbá á dáhùn pé òótọ́ ni tàbí irọ́ ni. Bí igi bá wó, gbogbo wọn á jọ dáhùn, ẹnikẹ́ni kò ní jáde. Nínú bọ́ọ̀lù mẹ́fà, ẹ fi òótọ́ méjì há a, bíi pé ìyá lè kó o ran ọmọ inú rẹ̀ bí kò bá lo oògùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, "irọ́ ni" ni wọ́n á kàn máa sọ láìronú.

Kí ẹ tó wọ bàálù ni kí ẹ ti bá ilé ìwòsàn àdúgbò sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò. Ti ìka gígún máa ń gbé èsì jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, àmọ́ ó lè tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí kòkòrò wọ ara kó tó hàn. Nọ́ọ̀sì ni kó sọ èsì, ní kọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe ní kí ẹni tó ti ṣàyẹ̀wò nawọ́ sókè lójú pápá láé. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ mọ̀ pé oògùn ìdènà wà fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀: ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, kó sì lò ó fún ọjọ́ 28. Ẹ sọ èyí náà, torí ọ̀pọ̀ kì í sọ ọ́: ẹni tó ń lo oògùn HIV rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí kòkòrò mọ́, kì í kó o ran ẹni tó ń bá lò pọ̀.

Olùkọ́ ni yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín sí èdè Kinyarwanda. Tí ẹ bá bi àwọn ọmọ bóyá ó yé wọn, "yego", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, ni gbogbo wọn á dáhùn. Ẹ ní kí ọmọ kan tún un sọ fún yín.

Ti ìrìnàjò kò gba àlàyé púpọ̀. Rwanda ti fòfin de báàgì láílọ́ọ̀nù láti ọdún 2008, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rá di ẹrù. Wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfúrufú. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni umuganda, iṣẹ́ ìlú tó jọ ìmọ́tótó oṣooṣù tí a mọ̀ l'Ékòó, kò sì sí eré kankan títí di aago 11 àárọ̀. Òjò ń rọ̀ gan-an láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Ẹni tó bá máa gba Nàìjíríà kọjá kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti sọ ọmọ kankan di agbábọ́ọ̀lù, nítorí náà olùkọ́ ni kí ẹ máa kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, òun ni kó máa darí, kí ẹ̀yin máa wòye. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ má ṣe fi ẹrù lé ọ̀gá ilé ìwé lọ́wọ́, torí á tì í mọ́ ọ́fíìsì kí wọ́n má bàa jí i, kò sì sí ọmọ tó máa fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ ka ohun gbogbo, kí olùkọ́ eré ìdárayá àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yẹn sínú ìwé náà.

Àwa akọ́nimọ̀ọ́gbá kíríkẹ́ẹ̀tì,
Lọ́ńdọ̀nù