Orúkọ Olórúkọ ni Ọ̀pọ̀ Ọkọ̀ Wa Ń Jẹ́ Lórí Omi

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ń kọ mí lóminú nídìí iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ọkọ̀ ojú omi ni mo ń ṣe ní agbègbè Apápá, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá dànù lórí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ láìfù jákẹ́ẹ̀tì àti àpọ̀jù èrò ni a máa ń kà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti béèrè bóyá rédíò inú ọkọ̀ náà tilẹ̀ mọ orúkọ ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀.

Gbogbo ọkọ̀ tí ó bá ní rédíò VHF ti òde òní, èyí tí atukọ̀ fi ń bá ọkọ̀ mìíràn àti èbúté sọ̀rọ̀, tàbí ẹ̀rọ AIS tí ó máa ń kéde orúkọ ọkọ̀, ibi tí ó wà, ibi tí ó kọrí sí àti bí ó ṣe ń sáré tó fún àwọn ọkọ̀ tí ó wà nítòsí, ni ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí a ń pè ní MMSI. Òǹkà mẹ́sàn-án ni ó tò léra nínú rẹ̀. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú òǹkà náà ni ó sì ń sọ ilé tí ọkọ̀ ti wá: 657 ni ti Nàìjíríà, 610 ni ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, 671 ni ti Tógò, 232 títí dé 235 sì ni ti Ìlú Ọba. Bí ìpè ìdágìrì bá dé, àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ìdóòlà yóò wá nọ́ńbà náà lọ sínú àkọsílẹ̀ tí ITU, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ rédíò àti tẹlifóònù, ń tọ́jú fún gbogbo ayé, ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ irú ọkọ̀ tí ó jẹ́ àti ẹni tí wọn lè pè lórí fóònù nítorí rẹ̀.

Wàyí o, níbo ni a ti ń rí rédíò wọ̀nyí? Tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú èyí tí ó ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ẹni tí ó tà á ní òkè òkun kò yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò, ẹni tí ó rà á níbí kò sì mọ̀ pé nọ́ńbà kan wà níbẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ọkọ̀ èrò kan pé rédíò rẹ̀ ń pariwo. Àṣà mi ni pé kí n kọ́kọ́ wo nọ́ńbà kí n tó fọwọ́ kan wáyà. 235 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Mo yẹ AIS wò, orúkọ ọkọ̀ afẹ́ kan ni mo bá níbẹ̀, ó ní mítà 10 ni gígùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí mo dúró sínú rẹ̀ ju mítà 15 lọ dáadáa. Mo pe ẹni tí ó ni ọkọ̀, mo fi hàn án. Ó ní, “Ọ̀gá, ṣebí ó ń ṣiṣẹ́? Mo ń rí ọkọ̀ mi lórí fóònù.” Mo dá a lóhùn pé ọkọ̀ rẹ̀ kọ́ ni ó ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì pupa kan wà lára rédíò VHF, wọ́n sì fi ìdérí bò ó. Bí atukọ̀ bá ṣí ìdérí náà, tí ó tẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, rédíò yóò fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti ibi tí ó wà ránṣẹ́ lórí ìkànnì 70, agogo ìdágìrì yóò sì dún nínú gbogbo ọkọ̀ tí ó ní irú rédíò bẹ́ẹ̀ tí ó wà níbi tí ìró náà dé, kí atukọ̀ tó bọ́ sí ìkànnì 16 láti fi ẹnu ara rẹ̀ pe “Mayday” lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí nọ́ńbà olówó àtijọ́ bá ṣì wà nínú rẹ̀, àrokò ẹlòmíràn ni a fi ránṣẹ́ yẹn. Wọn yóò pe bàbá kan ní Ìlú Ọba, yóò ní òun ti ta ọkọ̀ òun tipẹ́, tàbí kí ó ní ọkọ̀ òun nìyí ní èbúté níwájú òun. Nígbà tí wọ́n bá fi ń yanjú ìyẹn, omi kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ afẹ́ kékeré kan ni wọn yóò máa fojú wá, nígbà tí ọkọ̀ èrò ńlá ń rì lọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ EPIRB, èyí tí ó máa ń ké pe sátẹ́láìtì lórí 406 MHz bí ọkọ̀ bá rì. Òun náà ní àmì ìdánimọ̀ tí a gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aláṣẹ. Mo ṣì ń rí àwọn ti àtijọ́ tí ó ń lo 121.5 MHz nìkan lórí àtẹ àwọn oníṣòwò, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé ọdún 2009 ni sátẹ́láìtì kò ti gbọ́ ìyẹn mọ́.

Títo nọ́ńbà sínú ẹ̀rọ ni ibi tí a ti ń ṣe àṣìṣe jù. Ọ̀pọ̀ rédíò kì í gbà kí ẹni tí ó rà á tẹ nọ́ńbà sí i ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ; lẹ́yìn ìyẹn ó ti tì pa, àfi kí a dá a padà fún ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é tàbí aṣojú wọn. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò tilẹ̀ gbà kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to nọ́ńbà AIS. Ẹni tí ó tà á tàbí ẹni tí ó so ó mọ́ ọkọ̀ ni yóò ṣe é. Níbí, ó dùn mí láti sọ pé àwọn kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń tẹ 123456789 sí i kí ẹ̀rọ má baà yọ wọ́n lẹ́nu. Bí ọkọ̀ méjì bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò kan náà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni yóò hàn lójú ẹ̀rọ àwọn tí ó kù, yóò sì máa fò láti Apápá dé Badore bí iwin.

AIS tún máa ń béèrè ìwọ̀n mẹ́rin: láti ibi tí àńtẹ́nà GPS, ẹ̀rọ tí ó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, wà dé iwájú ọkọ̀, dé ìdí ọkọ̀, dé ẹ̀gbẹ́ òsì àti dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó tún ń béèrè irú iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe, 30 fún ẹja pípa, 31 fún èyí tí ó ń fa òmíràn. Ẹni tí kò ní sùúrù yóò fi òdo dí gbogbo rẹ̀. Bí tọ́ọ̀gì tí ó ń fa bájì bá wá ń jẹ́ ọkọ̀ afẹ́ lójú ẹ̀rọ, ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ńlá wọ ẹnu òkun Èkó lóru lè rò pé òun lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kò mọ̀ pé bájì wà níbẹ̀. Mo tún ń rí rédíò tí wọn kò so mọ́ GPS rárá, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà méjì péré ni ó gbà. Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì pupa rẹ̀, yóò pariwo pé òun ń rì, kò ní sọ ibi tí òun wà.

Mo mọ̀ pé òfin àgbáyé kò kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ kékeré wa. Láti ìparí ọdún 2004 ni ó ti di dandan fún ọkọ̀ tí ó tóbi tó 300 lórí òṣùwọ̀n tọ́ọ̀nù, tí ó ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, láti ní AIS. Àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn kò ní in, nítorí náà kí atukọ̀ kankan má gbára lé ojú ẹ̀rọ débi tí yóò fi gbàgbé láti wo iwájú.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn aláṣẹ NIMASA, NIWA àti LASWA, àwọn àjọ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ojú omi, fún kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Bí òṣìṣẹ́ wọn bá ti wọ ọkọ̀ láti ka láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ó ní kí atukọ̀ gbé nọ́ńbà rédíò jáde lójú ẹ̀rọ, kí ó fi wé ti ìwé ọkọ̀, kí ó sì wò ó bóyá GPS ń fún rédíò ní ibi tí ọkọ̀ wà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra tòkúnbọ̀, kí ó béèrè nọ́ńbà tí ó wà nínú rẹ̀ kí ó tó sanwó, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ó ń tà á bá a pa á rẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é tàbí aṣojú wọn.

Ní ti ọkọ̀ èrò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, rédíò rẹ̀ ti tì pa, a kò rí i tún tò, a fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ti àtijọ́ yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni mẹ́ta ti bi mí léèrè pé èló ni mo fẹ́ tà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atún-rédíò-ọkọ̀-ṣe kan,
Apápá, Èkó.