Bọ̀dá mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n hú kumquat yẹn

Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ da kọ̀ǹkéré sí gbogbo iwájú ilé wa l'Óṣogbo kí mọ́tò lè ráyè, ìyẹn dáa, àmọ́ wọ́n ní ẹ ti ní kí wọ́n hú kumquat, igi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ kànga yẹn, pé ọsàn tí ò lómi tó tún ń kan, kí la fẹ́ fi ṣe. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná.

Ẹ bó èèpo ẹ̀ bíi ti ọsàn Ọjà Ọba, òun ló jẹ́ kó kan lẹ́nu yín. Èèpo ẹ̀ gan-an ló dùn, omi inú ló kan. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i díẹ̀ kí òróró ara èèpo jáde, kẹ́ ẹ wá jù ú sẹ́nu lódindi, kóró nìkan lẹ máa tu. Sóbò tí mo gbé wá lọ́dún yẹn tẹ́ ẹ ń bèèrè pé kí ló ń ta sánsán nínú ẹ̀, òun náà ni mo gé sí i. Tó bá sì pọ̀, kí ìyàwó wa fi ṣúgà sè é di jáàmù, kí wọ́n di kóró ẹ̀ sínú aṣọ funfun kó bá a hó, kóró yẹn ló ń jẹ́ kó ki, tó bá ti ki kí wọ́n yọ aṣọ náà.

Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti wá, Robert Fortune, ará Scotland, ló gbé e dé London ní 1846. Ní Vietnam títí dòní, tí ọdún tuntun wọn bá ń bọ̀, igi yìí tó so jìngbìnnì ni wọ́n ń gbé sí pálọ̀. Àwa wá fẹ́ hú tiwa!

Ẹ má sọ pé a máa gbin kóró ẹ̀ padà o. Èyí tá a bá fi kóró gbìn kì í fẹ́ ṣe dáadáa, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń so ẹ̀ka ẹ̀ mọ́ ìdí ọsàn mìíràn, bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn. Ọ̀mùnú tó bá yọ nísàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n ti so ó, ẹ gé e, ti ìdí ọsàn yẹn ni, kò ní so kumquat láé. Kòkòrò tó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ewé, ọmọ labalábá ni, kí àwọn ọmọ máa ṣà á kúrò, torí ó lè jẹ ewé tán pátá.

Kí àwọn tó ń da kọ̀ǹkéré fi ilẹ̀ sílẹ̀ yí ìdí ẹ̀ ká, ó kéré tán mítà kan, kí òjò lè rí ibi wọlé. Tíyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ pè mí kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, màá wá wú u tòun ti yẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀ sínú ìkòkò ńlá, ó máa ń gbé inú ìkòkò dáadáa.