Má Yọ Nọ́ńbà Mẹ́ta Yẹn Dànù

Iléṣà,
Ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà, àfi orúnkún màmá rẹ tó tún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí o ti pè mí tẹkúntẹkún ni oorun mi ò ti já geere mọ́. O ní oṣù mẹ́jọ lo ti wà lórí iṣẹ́ ìwádìí eruku náà, pé nọ́ńbà mẹ́ta ya ara wọn sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó kù, ẹnìkan sì ní kí o yọ wọ́n dànù kí ìwé rẹ lè tètè jáde. Mi ò ka físíìsì, àmọ́ góòlù ni mo ti ń rọ láti kékeré, ọ̀rọ̀ yẹn sì yé mi ju bí o ti rò lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí. Lọ́dún tí a ń wá owó iléèwé ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹnìkan gbé ẹ̀gbà ọwọ́ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wúwo, ó ń dán, iye tó pè é kò sì ga. Mo fà á lórí òkúta dúdú tí mo fi ń dán góòlù wò, mo kán ásíìdì sí i. Àbẹ̀kẹ́, mo rí i pé ìlà náà ń ṣá. Ìlà góòlù gidi kì í ṣá bẹ́ẹ̀. Idẹ ló ń ṣá. Mo wá sọ fún ara mi pé ásíìdì ló ti pẹ́ jù nínú ìgò. Mo fa ìlà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n kò sì kán nǹkan kan sí i mọ́. Mo kówó sílẹ̀. Idẹ ni. Ẹni tó tà á purọ́ fún mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ purọ́ fún ara mi.

Ìwọ lo sọ ìtàn Geiger àti Marsden fún mi, àwọn tó bá Rutherford, ọ̀gá onífísíìsì, ṣiṣẹ́ ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1909. Góòlù pẹlẹbẹ tí wọ́n lò ló jẹ́ kí n gbàgbé ẹ̀bà mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà! Wọ́n ń rán ẹ̀rún alpha, horo bíńtín tí ohun bíi rédíọ́ọ̀mù ń tú jáde, sí i, wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń fi ojú lásán ka ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó ń ṣẹ́jú. Púpọ̀ ń gba inú góòlù kọjá. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹyọ kan á ta padà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Marsden, ọmọ ogún ọdún. Ká ní ó ní ojú òun ló ń ṣe òun, ẹyọ kan yẹn ì bá sọnù, bẹ́ẹ̀ òun ni Rutherford tẹ̀ lé títí tó fi sọ ní 1911 pé átọ́ọ̀mù ní kóró láàárín.

Mo mọ̀ pé wàá ní, “Bàbá, bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ṣe é ńkọ́?” Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn OPERA, ẹgbẹ́ onífísíìsì kan ní Ítálì, náà rí i ní 2011 pé neutrino, ẹ̀rún bíńtín tó ń gba inú ilẹ̀ kọjá, tó ń bọ̀ láti CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Switzerland, ìrìn kìlómítà 730 lábẹ́ ilẹ̀, sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Ó ṣòro fún wọn láti gbà gbọ́, síbẹ̀ wọ́n gbé e síta kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó di 2012, wọ́n bá wáyà kan tí kò wọlé dáadáa, òun ló ṣì wọ́n lọ́nà. Wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, àmọ́ kò sí ẹni tó lè pè wọ́n ní òpùrọ́.

Padà sídìí Pelletron, ẹ̀rọ yín tó ń mú ẹ̀rún sáré, ní CERD, ilé ìwádìí agbára ní Yunifásítì Ifẹ̀. Prótóònù tí o fi ń ta eruku, tí ìtànṣán X fi ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, òkúta dúdú tìrẹ nìyẹn. Ṣé ọjọ́ kan náà lo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé iná ṣẹ́jú lọ́jọ́ náà? Bí o bá rí ìdí rẹ̀, kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà. Bí o kò bá rí i, kọ ìyẹn náà. Bíírò ni kí o fi kọ ọ́.

Ní ti pé ó ń pẹ́: òṣómàáló ni bàbá mi àgbà. Bí ọjọ́ owó aṣọ bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde àfi tówó bá jáde. Láti 1964 ni àwọn onífísíìsì ti ń retí ẹ̀rún Higgs, èyí tí wọ́n fi ń ṣàlàyé bí àwọn ẹ̀rún mìíràn ṣe ní ìwúwo, 2012 ni wọ́n tó rí i. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lóṣòó ni.

Màmá rẹ ní kí n bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ. Mo ti bi ọ́.

Mo fi òkúta dúdú náà ránṣẹ́, inú àpò gààrí ni mo dì í sí. Wo etí rẹ̀ lápá òsì: ìlà kejì yẹn ṣì wà níbẹ̀, n kò nù ún. Ọkọ̀ yóò dé Mayfair ní Ifẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun, tètè dúró dè é.

Èmi bàbá rẹ.