Gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà nìkan kò lè sọ ọmọ di ẹnjiníà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n ṣí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì wa, mo sì rí fọ́tò àwọn èèkàn tó lọ gé rìbọ́ọ̀nù. Mi ò bá rìbọ́ọ̀nù jà. Ohun tí mo wá nínú ìròyìn náà tì ni iṣẹ́ tí àwọn ọmọ yóò máa fi kọ̀ǹpútà ọ̀hún ṣe. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn níbí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gba àwọn ọmọ IT, ìyẹn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ ètò SIWES. Ọpọlọ púpọ̀ nínú wọn jí pépé. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ wọn nílé ìwé, ohun kan náà ni wọ́n sábà máa ń sọ: olùkọ́ á gbé purojẹ́kítọ̀ wá, á máa ka ohun tó hàn lára ògiri, àwọn náà á máa fi fóònù yà á. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìyẹn fi yàtọ̀ sí pátákó àti ṣọ́ọ̀kì? Pátákó tilẹ̀ sàn díẹ̀, torí olùkọ́ tó ń fọwọ́ kọ nǹkan kò lè sáré kọjá àwọn ọmọ.

Lójú tèmi, ìgbà tí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, tó bà á jẹ́, tó tún un ṣe, ìgbà yẹn la tó lè sọ pé a fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ. LTspice wà, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń to sákíìtì iná kó sì dán an wò, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ lè to amplifier, ìyẹn sákíìtì tó ń sọ àmì iná kékeré di ńlá, sórí rẹ̀, kó yí resistor (èyí tó ń dín ìṣàn iná kù) kan ṣoṣo padà, kó sì rí bí orí ìgbì tó ń jáde ṣe máa gé pẹrẹsẹ nígbà tí gain, ìyẹn ìlọ́po tó fi ń sọ àmì náà di ńlá, bá ti ju ohun tí iná tó ń bọ́ ọ lè gbé lọ. Ní láàbù tí ogún ọmọ ti ń yí oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì iná hàn lójú) kan ká, ẹni tó wà níwájú ló ń fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Àwọn tó kù ń da ìdáhùn rẹ̀ kọ ni. MATLAB, ètò ìṣírò tí àwọn ẹnjiníà ń lò, wọ́n, nítorí náà àwọn ọmọ ń wá èyí tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì á sì bá a wọlé. Bẹ́ẹ̀ GNU Octave wà lọ́fẹ̀ẹ́, púpọ̀ nínú ohun tí èèyàn kọ fún MATLAB ló sì máa ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. KiCad náà wà fún ẹni tó fẹ́ ya bọ́ọ̀dù sákíìtì. Ta ló sọ fún wọn? Ẹnu wa níbi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé apá wa kò ká a. Ifẹ̀ ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà, láti ọdún 1998 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesús del Alamo ti so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ transistor (ẹ̀yà kékeré tó ń darí ìṣàn iná) wò mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì: akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó síbi tó bá wà, á tẹ iye fólítì tó fẹ́ ránṣẹ́, ẹ̀rọ gidi á wọn transistor gidi, èsì á padà dé bá a. Nígbà tó yá, pẹ̀lú owó Carnegie Corporation, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dara pọ̀ mọ́ ètò iLab yìí, òun àti Makerere ní Ùgáńdà àti Yunifásítì Dar es Salaam ní Tansaníà. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé àwọn ará Ifẹ̀ kò jókòó ti ẹ̀rọ Amẹ́ríkà. Lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Lawrence Kehinde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láàbù orí íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn, títí kan ti op-amp, irú amplifier kan tó wà nínú ṣíípù. Íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn ń wọ́ bí ìgbín, àmọ́ nọ́ńbà díẹ̀ ló ń lọ, nọ́ńbà díẹ̀ ló ń bọ̀, kò gba détà púpọ̀. Ẹ̀rọ kan á máa dá ọ̀pọ̀ ọmọ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru. Ẹ rántí oṣù mẹ́jọ tí ASUU fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022 (n kò dá wọn lẹ́bi o), kí ẹ wá ro ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ì bá ṣe fún ọmọ tó jókòó sílé.

Àmọ́ kí àwọn ọ̀gá má fi ọ̀rọ̀ mi yìí ti láàbù pa. Ọmọ IT kan wá sọ́dọ̀ wa, ó ti ya sákíìtì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ lọ geere. Bí a ṣe tò ó sórí bọ́ọ̀dù tí a tan iná sí i, resistor kan bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Ó ní, "Ó ṣiṣẹ́ lórí LTspice o, sà!" Òótọ́ ló sọ. Resistor 47 ohm ni, fólítì 12 ló wà lórí rẹ̀. Mo ní kó ṣírò ó. Ó lé ní wáàtì mẹ́ta, lórí nǹkan tí wọn kò ṣe láti gbé ju ìdámẹ́rin wáàtì lọ. Kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ fún un tó bá bi í, àmọ́ kò mọ̀ pé nǹkan kan wà láti bi, torí kò tíì gbọ́ òórùn resistor tó ń jó rí. Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà tábìlì àti irin ìjópọ̀: bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Láti April 2024 tí owó iná Band A ti fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 lórí kílówáàtì-wákàtí kan, gbọ̀ngàn tó kún fún kọ̀ǹpútà ńlá àti ẹ̀rọ amúlétutù ti di ẹrù. Kọ̀ǹpútà pélébé bíi Raspberry Pi 4 kì í sábà jẹ tó wáàtì 15, sólà kékeré sì lè gbé mélòó kan nínú wọn. Kí wọ́n ra sólà àti bátìrì kí wọ́n tó ra purojẹ́kítọ̀ kejì.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún wa pé Àbújá ló dì wọ́n lọ́wọ́. Nínú ètò ẹ̀kọ́ CCMAS tí àjọ NUC tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni NUC là sílẹ̀. Ìdá 30 tó kù wà lọ́wọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí àwọn olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ fi iṣẹ́ àfọwọ́ṣe orí kọ̀ǹpútà yìí sí láti ọdún kejì, kí wọ́n sì fún un ní máàkì tó tó nǹkan, torí ohun tí kò ní máàkì, àwọn ọmọ wa kì í yà sí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹnjiníà iná mànàmáná kan,
Ìbàdàn.