Ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá owó àtijọ́ kiri ẹ̀yìnkùlé wa

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Bí n kò bá sọ ọ́ síta, àfàìmọ̀ kó má di àìsàn sí mi lára. Ọjà Ọba ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ru aṣọ tí n kò rí tà, mo bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ihò ni mo kọ́kọ́ rí. Mo kà á, mọ́kànlá ló pé. Òmíràn kò ju ẹnu abọ́ lọ, òmíràn sì jìn dé orúnkún. Wọn ò dí ẹyọ kan ṣoṣo. Ìgbà tí mo dé ìdí ìkòkò aró mi ni mo tó figbe ta. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ti sán láti ẹnu títí dé ibi tó ti wọ ilẹ̀, aró inú rẹ̀ ti fà sínú iyẹ̀pẹ̀ tán, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ dú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹni tó bá ń paṣọ láró nìkan ló lè mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá tó bí ìyá mi ló ri ìkòkò yẹn mọ́lẹ̀. Mo ti sẹ́ omi eérú sí i, mo ti rẹ ẹ̀lú sínú rẹ̀, ọjọ́ keje rẹ̀ ló bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n wá fọ́ ọ yìí. Ó ti ń hó, ó ti ń rùn bó ṣe yẹ kó rùn, ilẹ̀ tó bá mọ́ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ki aṣọ bọ̀ ọ́. Aṣọ oníbàárà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ wọ́n lórí fóònù.

Ta ló ṣe é? Àwọn ọmọkùnrin méjì kan tó ń gbé ẹ̀rọ kiri ni. Ẹ̀rọ náà ní ọ̀pá gígùn, nǹkan róbótó kan bí ọmọrí ìkòkò sì wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n máa ń jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún lórí ilẹ̀. Bó bá ti kan irin lábẹ́ ilẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Dìtẹ́tọ̀ ni àwọn fúnra wọn ń pè é. Owó àtijọ́ ni wọ́n ń wá: kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, àní títí dé onínì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òṣogbo ti rí wọn, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe wọlé. Ayálégbé kan ló wà ní yàrá ẹ̀yìn wa, kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tó dé. Wọ́n fún un ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wọn. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun rò pé àwọn tó fẹ́ ri páìpù omi ni wọ́n. Ṣé ẹni tó fẹ́ wá ri páìpù fún ọ ló máa tún fún ọ lówó? Ẹ jẹ́ kí n fi tìyẹn sílẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé kò sẹ́ni tó bi onílé. Ilé ẹbí ni ilé yìí, olórí ẹbí wà láyè, ó jókòó sí iwájú ilé lọ́jọ́ náà gan-an, ó ń tẹ́tí sí rédíò. Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà. Bí wọ́n bá gba iwájú, tí wọ́n kí bàbá, tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá, bóyá ìkòkò mi ì bá ṣì wà lódindi.

Kì í ṣe èmi nìkan o. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè-Baálẹ̀, ìdí sàréè bàbá rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé inú ọgbà ilé ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa sùn sí ní ìlú yìí, òmíràn ní sìmẹ́ńtì lórí, òmíràn kò ní nǹkan kan àfi igi òdòdó. Ẹ̀rọ ké níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ lọ títí pákó fi yọjú. Irin tí wọ́n fi ń gbé pósí ló ń ké! Ìyàwó ilé ló yọ sí wọn tí wọ́n fi sá. Ọ̀rẹ́ mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ títí di òní. Ní agbo ilé kan tí kò jìnnà sí wa ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, ojúbọ Ògún ni ẹ̀rọ wọn lọ kàn. Ẹ wo irin tó wà níbẹ̀! Wọ́n ní ńṣe ló ń han bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu ẹ̀. Àwọn ọmọ náà rò pé àwọn ti là, àfi ìgbà tí bàbá arúgbó kan jáde pẹ̀lú àdá. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín náà ò jáde.

N kò sọ pé irọ́ ni pé owó wà nílẹ̀. Ní 1907 ni rélùwéè dé Òṣogbo, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì tẹ̀lé e wá láti ra ẹkùrọ́ àti kòkó. Owó tí wọ́n fi ń rajà, ọwọ́ àwọn ìyá wa ló ń bọ́ sí. Kò sí báńkì fún wọn. Kóló ni báńkì wọn, ìdí ààrò sì ni wọ́n máa ń rì í mọ́. Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé òun ní kóló kan tí òun kò rántí ibi tí òun rì í sí mọ́, a ó máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Kọ́bọ̀ ìgbà náà nihò láàárín, wọ́n á fi okùn sín in bí ìlẹ̀kẹ̀. Okùn á jẹrà, kọ́bọ̀ á já bọ́. Nítorí náà, owó wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú owó wo? Ibẹ̀ ni ìmọ̀ àwọn ọmọ yìí ti kúrú. Fàdákà ni wọ́n ń pariwo. Ní 1912 ni òyìnbó dá ìgbìmọ̀ tó ń ṣe owó fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, láti 1913 ni ṣílè rẹ̀ sì ti ń jáde ní fàdákà. Nígbà tó di 1920, wọ́n pa á dà sí idẹ. Ọdún bíi méje péré ni fàdákà fi jáde, gbogbo ìyókù títí di ìgbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1973, idẹ àti irin funfun lásán ni. Ẹ̀rọ wọn ò sì lè gbóòórùn owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná gan-an, torí ẹyọ kì í ṣe irin.

Ayálégbé mi tó dúró tì wọ́n ló ka ohun tí wọ́n hú jáde fún mi: ìṣó mẹ́fà, páànù jíjẹrà méjì, ìdérí mínírà, òkú bátìrì, àti kọ́bọ̀ kan. Mọ́kànlá ihò! Ohùn tí ẹ̀rọ yẹn fi ń kí ìdérí mínírà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó fi ń kí ṣílè, àfi ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀ tó lè fetí yà wọ́n sọ́tọ̀. Ilé tí a ti tún páànù rẹ̀ kàn lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣó mélòó ni kò ní sí nílẹ̀ ibẹ̀? Ṣé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa gbẹ́?

Kọ́bọ̀ náà, wọ́n fi ta ayálégbé lọ́rẹ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi yanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o, ojú rẹ̀ ti ha yánnayànna, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọyì owó àtijọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n bó o rárá, ìdajì iye rẹ̀ ni wọ́n fọ̀ dànù yẹn. Mo gbé e sóòrùn. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló yí ihò rẹ̀ ká, 1936 ni ọdún rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, adé wà lókè ihò, orúkọ Edward Kẹjọ, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì yí etí rẹ̀ po. Ọba yẹn kò lo ọdún kan lórí oyè kó tó kúrò nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́, wọn ò tilẹ̀ fi adé dé e lórí rí. Ó wá jẹ́ orí ìkòkò aró mi ni orúkọ rẹ̀ máa wá fọ́ mọ́! Owó náà funfun díẹ̀, ṣùgbọ́n fàdákà kọ́.

Ẹnìkan sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa góòlù níhà Iléṣà ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ya wọ ìlú. N kò lè búra sí i, àmọ́ ó jọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la rí ohun tí wíwa góòlù ṣe fún omi Ọ̀ṣun, bó ṣe pọ́n bí omi ẹrẹ̀. Ṣé ó wá kan ẹ̀yìnkùlé báyìí?

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àga ńkọ́? Ọ́fíìsì mẹ́ta ni mo dé lọ́jọ́ kejì. Ti àkọ́kọ́ ní kí n lọ sí ìkejì. Ti ìkejì ní ṣé wọ́n jí nǹkan? Mo ní wọn ò jí nǹkan, wọ́n fọ́ ìkòkò, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Ọmọdékùnrin tó wà nídìí tábìlì ní ìkòkò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. Ti ìkẹta, ọ̀gá ò sí nílé. Àmọ́ bí ìgbà owó kólẹ̀kódọ̀tí bá tó, wọ́n mọ ojúlé mi dáadáa, wọn kì í ṣì í mọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Òfin kò sì ṣàì sí o. Òfin ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ọdún 1979 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ máa gbẹ́ ilẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìyọ̀ǹda. Bí ṣọ́bìrì àwọn ọmọ yìí bá kan àpáàdì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́, wọ́n á dà á nù, torí kò ké. Ìlú tí gbogbo ayé mọ Igbó Ọ̀ṣun rẹ̀, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ìlú yẹn náà ni wọ́n ti ń fi ṣọ́bìrì da ilẹ̀ rú lọ́sàn-án gangan, tí àwọn tí a ń san owó oṣù fún ń wò wọ́n.

Mo tún un sọ: kò sẹ́ni tó bi onílé. Ẹni tó gbowó kò ni ilẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ kò gbọ́.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a ṣe rèé, mo ti ro ó dáadáa lórí ibùsùn. Atẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, atẹ tí wọ́n fi ń pàtẹ ata. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ wọ ọgbà ilé kan, kó gba ẹnu ọ̀nà iwájú, lójú oòrùn, kó kí àgbà ilé. Kí wọ́n gbé atẹ síwájú àgbà náà, kí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí rẹ̀. Ohunkóhun tó bá jáde nílẹ̀, ìbáà ṣe ìṣó, ìbáà ṣe fàdákà, orí atẹ yẹn ni kó kọ́kọ́ dé, àpò ẹnikẹ́ni kọ́. Kí ọmọ ilé kan tó mọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé. Wọn ò gbọ́dọ̀ ṣí ihò kejì láìjẹ́ pé wọ́n ti dí ti àkọ́kọ́, kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó le. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá jìnnà sí sàréè, ojúbọ, kànga, ibi tí a ri olóbì ọmọ mọ́, àti ìkòkò aró. Bí wọ́n bá ṣe tán, kí ẹbí kọ́kọ́ mú ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìrántí, kí wọ́n tó pín ìyókù sí méjì dọ́gbadọ́gba. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò ni kó máa fún ẹlẹ́rọ ní nọ́mbà tó máa so mọ́ àyà, kó sì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà dúró lọ́wọ́ alága. Ihò tí kò bá dí, owó ti lọ nìyẹn. Ayálégbé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí nǹkan kan. Ọmọ mi ní atẹ ata kọ́ ni yóò tún Òṣogbo ṣe. Mo ní kó mú èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ wá. Ó ń ronú lọ́wọ́.

Kí rédíò máa kéde rẹ̀. Kí ọlọ́pàá bi ẹni tó bá ń gbé e kiri lóru pé kí ló ń wá. Kí àwọn ará ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà wá wo nǹkan díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń hú.

Ní ti ìkòkò mi, amọ̀kòkò ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí irú rẹ̀ tó lè jáde, torí àwọn tó ń mọ ńlá ò pọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ yẹn gbàgbé ṣọ́bìrì kékeré kan sínú ihò kẹsàn-án, ó ní ọwọ́ róbà pupa. Ó wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó ni ín lè wá gbà á, ní ọ̀sán, láti ẹnu ọ̀nà iwájú, bàbá á ti jókòó níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá aláró kan,
Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, Òṣogbo.