Lẹ́tà sí Àkànní lórí jẹjẹrẹ ìfun

Àkànní, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ìwọ àti Yéwándé àtàwọn ọmọ? Ara àwa náà le níbí. Bàbá yín ń kí ọ. Àwọn ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, torí pé lórí fóònù, “mo ti gbọ́, màmá” ni wàá sọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á sì parí sí.

Oṣù kẹwàá ni wàá pé ọmọ ọdún 38, òun ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ẹni ọdún 48 ni bàbá yín nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá wọn lọ́dún 2009. Ní Amẹ́ríkà tí o wà yẹn, ẹni tí kò sí irú rẹ̀ nínú ẹbí rẹ̀ lè dúró di ọdún 45 kó tó lọ ṣàyẹ̀wò ìfun. Ọdún 50 ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2021 ni wọ́n fà á wálẹ̀, nítorí pé àrùn náà ti ń mú àwọn tí kò tíì pé ọdún 50. Ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn yìí bá ti mú òbí tó bí i, ọdún 40 ni tirẹ̀, tàbí kó yọ 10 kúrò nínú ọjọ́ orí tí òbí náà wà nígbà tí wọ́n rí i, èyí tó bá yá nínú méjèèjì. Yọ 10 kúrò nínú 48. Ọdún yìí gan-an ni tìrẹ.

O wà ní yunifásítì nígbà yẹn. Pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá yín, tí ara wọn sì yá, ni o mọ̀. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí lára ìgbẹ́. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló pè é ní jẹ̀dí, wọ́n ní ṣúgà ló pọ̀ lára wọn. Ìgò agbo jẹ̀dí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òmíràn wà nínú mọ́tò. Ẹ̀jẹ̀ á dá, á tún padà. Nígbà tó yá, wọ́n á ti ilé ìgbẹ́ dé, wọn ò ní tíì jókòó tán tí wọ́n á tún padà, inú á máa sọ fún wọn pé ó ṣì kù, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbẹ́ wọn di tẹ́ẹ́rẹ́. Àtẹ̀gùn ilé wa tí wọ́n máa ń sáré gùn, wọ́n á dúró mí láàárín rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan tọ́jú ibà, ó tọ́jú táífọ́ọ̀dù. Dókítà obìnrin kan ló wá fa ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀, ó rí i pé inú rẹ̀ funfun, ó ní, “Bàbá, ọkùnrin kì í ṣe nǹkan oṣù. Ibo ni ẹ̀jẹ̀ yín ń gbà lọ?” Mo ń gbàdúrà fún obìnrin yẹn títí dòní.

Lóòótọ́, jẹ̀dí máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ jáde. Jẹjẹrẹ tó bá wà nísàlẹ̀ ìfun náà á mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa jáde bákan náà, ojú lásán ò lè mọ èwo ni. Èyí tó bá wà lókè, lápá ọ̀tún, o lè má rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rárá. Àárẹ̀ àti àìtó ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wàá rí. Nítorí náà ẹ má ṣe sọ ọ́ ní jẹ̀dí títí ẹni tó mọṣẹ́ á fi wo inú ibẹ̀.

Ohun tó sì ń fún mi lọ́kàn balẹ̀ ni pé àrùn yìí kì í déédéé dé. Kókó kékeré ló máa ń kọ́kọ́ yọ lára ìfun nínú, bí olú ṣe ń yọ lára igi. Púpọ̀ nínú wọn ò ní di nǹkan kan. Èyí tó bá máa di jẹjẹrẹ máa ń gbà tó ọdún 10, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá bá a níbẹ̀, wọ́n á gé e lójú ẹsẹ̀, ó parí. Kódà tó bá ti di jẹjẹrẹ, tí kò tíì jáde nínú ìfun, nǹkan bí ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ló ń lò ju ọdún 5 lọ. Tó bá ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, wọn kì í pé méjì nínú mẹ́wàá.

Kọlonóskópì ni kí o béèrè, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń ti kámẹ́rà kékeré gba ìdí wọ inú ìfun. Èyí tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ ránṣẹ́ sí láàbù dára fún ẹlòmíràn, kò tó fún ọmọ bàbá yín. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló nira: ohun mímu tó mọ́ gaara bí omi nìkan ni wàá máa mu, àti oògùn tí yóò fọ ìfun mọ́ tónítóní. Má ṣe mu zóbò, ohun pupa máa ń dà bí ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà. Lọ́jọ́ náà gan-an, abẹ́rẹ́ oorun ni wọ́n máa fún ọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọkùnrin ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni débi ìdí yín. Ìtìjú yẹn ti pa èèyàn púpọ̀, Àkànní, mi ò sì bí ọ kí ìtìjú wá pa ọ́.

Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù Black Panther tí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ fẹ́ràn, ọdún 2016 ni wọ́n rí tirẹ̀, ó kú lóṣù kẹjọ ọdún 2020, ẹni ọdún 43. Òun náà lówó, òun náà ní dókítà. Àwa èèyàn dúdú ni àrùn yìí ń mú tó sì ń pa ju aláwọ̀ funfun lọ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, dín sọ́sééjì àti békìn òwúrọ̀ yẹn kù. Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà wọ́n mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀wà, ewédú, ẹ̀fọ́, ọsàn, jẹ wọ́n dáadáa. Dín ọtí kù, má sì ṣe sún mọ́ sìgá. Máa rìn, ìjókòó ọ́fíìsì yẹn ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé jíjẹ ewédú lè rọ́pò àyẹ̀wò.

Sọ fún dókítà rẹ pé bàbá rẹ ni, kí o sì sọ ọjọ́ orí wọn. Béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún irú èyí tí wọ́n ń pè ní Lynch, tó máa ń tẹ̀ lé ẹbí. Mo ti bá Bísí àbúrò rẹ sọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ló máa lọ nígbà tó bá pé ọdún tirẹ̀. Tí wọ́n bá fún ọ ní ọjọ́, fi ránṣẹ́ sí mi, kí o sì sọ fún Yéwándé kó gbàyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, torí pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ oorun yẹn, o ò gbọdọ̀ wa mọ́tò padà sílé.

Èmi ni ìyá rẹ.