Ẹ bá wa sọ fáwọn tó ń gbé páálí tẹ́ẹ̀sì kiri

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ló máa ń ra ìwé ìròyìn yín nígbà tá a wà ní kékeré, àwa ọmọ la máa ń kà á sókè fún un lálaalẹ́, ṣùgbọ́n mi ò kọ̀wé sí yín rí, ọ̀rọ̀ yìí ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi síbẹ̀, ẹ kàn kọ Ìyá Oníléèsì, ìyẹn ti tó.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ páálí tí èèyàn fi ń ṣe àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀ fúnra rẹ̀ nílé. Ó tó ọdún mẹ́rin tí nǹkan ti ń ṣe mí lójú ara, nígbà míì á máa yún mi, nígbà míì nǹkan á máa jáde, abẹ́ inú á máa dùn mí, tí mo bá sì ti sọ fún ìyá oníkẹ́mísì ọ̀nà ilé wa, tọ́lẹ́ẹ̀tì infẹ́kṣọ̀n ló máa pè é, á di Ampiclox àti Flagyl sínú ọ̀rá fún mi, á lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á tún padà dé. Lábù kan ní sitáfì ni, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún gbáko. Alágbo náà gba owó tiẹ̀. Nínú gbogbo wọn kò sẹ́nì kan tó bi mí léèrè nípa ọkọ mi. Ọsibítù tó sún mọ́ wa ńkọ́, nọ́ọ̀sì tó ń kọ káàdì níbẹ̀, kọ́áyà kan náà la jọ wà, ẹ sọ fún mi, kí ni mo fẹ́ sọ fún un pé ó gbé mi wá?

Àbúrò mi kan tó wà ní Peckham ní London ló là mí lójú. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, èèyàn á kàn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á dáhùn ìbéèrè díẹ̀, pọ́ọ̀sì á gbé páálí pelebe kan wá tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ tó lè tú èèyàn fó. Obìnrin á fi òwú orí ọ̀pá nu ojú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọkùnrin á tọ̀ sínú ike, wọn á gún ìka, wọn á kán ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò bíńtín fún HIV àti sífílíìsì, pọ́ọ̀sì á gbé e padà, èsì á dé lórí fóònù. Kò san kọ́bọ̀. Ó tiẹ̀ ní láti 2012 ni wọn ò ti gbowó ìtọ́jú HIV lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní England, yálà ó ní ìwé ìgbélùú tàbí kò ní. Mo ní ẹ̀yin lẹ rí ìjọba. Ó ní irú rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà náà, owó la kàn máa san.

Bí mo ṣe jókòó sí ẹ̀yìn ìtí léèsì nínú sítọ́ọ̀ mi ní Gbági nìyẹn, mo ti ilẹ̀kùn, mo tan dáta, mo ń bá dókítà àwọn tó ń ta irú páálí yẹn níbí sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ dà bíi tọmọ yunifásítì. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú o, mo máa bi yín láwọn nǹkan kan." Ẹni mélòó ni mo bá lò láti bí ọdún kan? Ṣé a máa ń lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù? Ìgbà wo ni mo ṣe nǹkan oṣù gbẹ̀yìn? Ṣé dádì ní ẹlòmíì níta? Ó kù díẹ̀ kí n pa fóònù. Ọmọ tí mo lè bí! Nígbà tó yá mo ní, "Dókítà, mi ò mọ̀." Ọdún mẹ́rin ni "mi ò mọ̀" yẹn ti wà lọ́fun mi.

Kò kọ oògùn kankan fún mi o, ó ní àfi tá a bá tẹ́ẹ̀sì. Ó ní kì í ṣe gbogbo yíyún ni àrùn ìbálòpọ̀, pé ẹni tó bá ń fi ọṣẹ àti Dettol fọ inú, òun gan-an ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa òmíì, pé èèyàn kì í sì í kó àtọ̀sí níbi ṣáláńgá. Ó ní àtọ̀sí tí wọ́n ń fi Ampiclox lé kiri yẹn kò gbọ́ ti Ampiclox mọ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n èyí tó bà mí lẹ́rù ni àrùn ìbálòpọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní chlamydia. Nínú obìnrin mẹ́wàá tó ní in, ó tó méje tí kò ní rí àmì kankan, bẹ́ẹ̀ ló ń di ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sílé ọmọ. Mo ronú kan àwọn tá à ń pè ní àgàn ládùúgbò wa, tí ìyá ọkọ ń lé kúrò nílé.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Dísípáàṣì tó gbé páálí tẹ́ẹ̀sì wá, ó dúró láàárín ọjà, ó ń kà á jáde: "Ta ló ni àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀ o?" Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí! Aládùúgbò mi tó ń ta áńkárá na ọrùn bí àgùfọn. Mo ní àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló ni ín. Ilé ìwẹ̀ ni mo ti ṣe é nílé, mo fi ìró dí ojú fèrèsé, ìwé àlàyé wà lórí agbada omi, mo ń yí òwú náà, mo ń ka ení, èjì, títí dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò dùn mí rárá, ìka tí mo gún ló ta mí.

Ọjọ́ kẹrin, àbígbẹ̀yìn mi ń fi fóònù mi ṣe asáínmẹ́ǹtì máàtì, ó bá ké láti pálọ̀, "Mọ́mì, wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n ní Positive!" Mo ní ẹgbẹ́ àdúrà wa ni, wọ́n ní ká máa ronú pósítíìfù ni. Ọlọ́run ló yọ mí. Chlamydia ni, àwọn yòókù ò sí níbẹ̀. Doxycycline ni dókítà kọ, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fọ́jọ́ méje (ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tó fi bèèrè nǹkan oṣù, wọn kì í fún aboyún), ká má sì súnmọ́ ara wa títí a ó fi lò ó tán, èmi àtọkọ mi. Ọkọ mi ní kò sóhun tó ń ṣe òun. Alẹ́ méjì ni mo fi gbé fóònù fún dókítà kó bá a sọ̀rọ̀ kó tó gbà láti tọ̀ sínú ike. Ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ àti ohun tá a bá ara wa sọ lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ti ìwé ìròyìn.

Ẹ̀yin olóòtú, mi ò ní káwọn oníṣẹ́ yìí kógbá wọlé o, bí kì í bá ṣe tiwọn, Ampiclox ni mi ò bá ṣì máa gbé mì. Àbúrò mi tó jẹ́ lọ́yà ní òfin ètò ìlera wa ti 2014 ní àṣírí aláìsàn ò gbọdọ̀ jáde, ti 2023 tó wà fún ìsọfúnni èèyàn náà sì wà níbẹ̀. Ẹ bá wa bi wọ́n, kí ló dé tí wọn ò lè fi nọ́ńbà dípò orúkọ àrùn lára páálí? Kí ló dé tí èsì fi ń yọ gàn-ùn gàn-ùn lójú fóònù, ṣé wọn ò lè kàn kọ ọ́ pé "ẹ pè wá" ni?

Dókítà ní ká tún tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí HIV tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè má tíì hàn nínú ẹ̀jẹ̀, chlamydia náà sì lè tún padà. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti sanwó páálí méjì sílẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ sí i lára.

Èmi ni,
Ìyá Oníléèsì, Ìbàdàn